Láti Tútù ni a ti ń Ká Ẹja: Àlàyé lórí Sísè Ẹja nínú Ilé Yorùbá

Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé láti tútù ni a ti ń ká ẹja kò; bí ó bá gbẹ tán, kíkán ní í kán. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo òwe yìí fún, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ó ti wá. Obìnrin tí ó bá fẹ́ yan ẹja àrọ̀ ní láti tẹ̀ ẹ́ ká, kí ó ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kí ó má baà tú, kí ó tó gbé e lé orí iná. Bí ó bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ títí iná fi mú ẹja náà, ẹ̀yìn ẹja yóò kán sí méjì, kò sì ní ṣe é tò sínú apẹ̀rẹ̀ mọ́.

Òwe kejì tí a sábà máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni èyí tí ó wí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òdodo wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní owó ata kò lè se ọbẹ̀ ata. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òwe yìí wọn ọbẹ̀ ẹja, kò ní tó. Ilé olówó wà tí wọ́n ti ń ra ẹja ńláńlá, tí ẹja náà sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú omi ata, tí òórùn rẹ̀ ń lé ọmọdé kúrò nídìí àwo. Ilé apẹja sì wà tí ó jẹ́ pé epìà mẹ́ta, ata díẹ̀ àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ tí àlejò kò ní gbàgbé. Ohun tí ó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe owó. Adùn ọbẹ̀ ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ata tó dé inú ìṣaasùn: ohun tí a bá ṣe sí ẹja nígbà tí ó wà ní tútù, àti iye àkókò tí a bá fún un lórí iná, ni ó ń sọ ohun tí ọbẹ̀ náà yóò dà. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè fi owó kékeré bọ́ ìdílé rẹ̀ dáadáa.

Omi àti Ẹja Rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ ẹja ní ọ̀nà kan náà. Láyé àtijọ́, ẹja gbígbẹ ni àwọn ará òkè, àwọn bí ará Ìbàdàn àti ará Ọ̀yọ́, mọ̀ jù, nítorí pé ọ̀nà jìn sí òkun, oòrùn sì mú. Ṣùgbọ́n bí a bá gba etí omi lọ, láti Àgbádárìgì dé Èkó, láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, àti láti Ẹ̀pẹ́ dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹja tútù ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Ìgbòkòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ jẹ́ ibi tí a ti lè rí ẹja tí ó ṣì ń mí nínú abọ́ ẹni tí ń tà á.

Ọ̀sà Èkó pàápàá kì í ṣe omi kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa tú omi dídùn sínú rẹ̀, iyọ̀ inú ọ̀sà a sì dín kù púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀sà wọlé, omi ibẹ̀ a sì dà bí omi iyọ̀. Bí omi ti ń yí padà ni ẹja ń yí padà: àwọn ẹja odò a máa pọ̀ nígbà òjò, àwọn ẹja òkun a sì máa wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ni àwọn ìyá ilé etí ọ̀sà kò fi í ní ọbẹ̀ ẹja kan ṣoṣo. Ẹja tí omi bá mú wá lásìkò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n yóò sè.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ẹja odò àti ẹja òkun kì í rùn bákan náà. Inú ẹran ara ẹja òkun ni èròjà kan wà tí kì í rùn nígbà tí ẹja ṣì wà láàyè. Bí ẹja bá ti kú, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí a sọ èròjà náà di òmíràn tí ó ní òórùn burúkú. Òórùn yìí ni a ń pè ní òórùn ẹja. Ní ti ẹja odò bí àrọ̀, òórùn ẹrẹ̀ ni ó sábà máa ń ní, èyí tí ó ti inú omi àti ilẹ̀ abẹ́ omi wọ ẹran ara rẹ̀. Ìtọ́jú méjèèjì fara jọra, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Rírà Ẹja

Ojú ni a kọ́kọ́ fi ń ra ẹja. Ojú ẹja tí ó dára a máa yọ síta díẹ̀, a sì máa dán. Ti èyí tí ó ti pẹ́ a máa wọ inú, a sì máa ṣe bàìbàì. Lẹ́yìn ojú, kí a ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí ó fi ń mí. Bí ibẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹja ṣì dára. Bí ó bá ti di rẹ́súrẹ́sú tàbí tí ó yọ̀ mọ́ ọwọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ojú ibi tí a tẹ̀ bá padà sípò, ẹran ara rẹ̀ ṣì le, bí kòtò bá wà níbẹ̀, ó ti ń rọ̀. Ìmú ni ẹlẹ́rìí ìkẹyìn. Òórùn omi ni ẹja tútù ń ní.

Àwọn ènìyàn kan gbà pé kò sí ohun tí ata àti iná kò lè tún ṣe. Èrò yìí léwu. Nínú àwọn ẹja tí ẹran ara wọn dúdú, irú èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Titus, bí wọ́n bá pẹ́ nínú ooru fún wákàtí díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa ṣẹ̀dá èròjà kan tí a ń pè ní histamine. Èròjà yìí ni ó ń mú kí ojú ẹni tí ó jẹ ẹja náà pọ́n, kí ara rẹ̀ máa yún un, kí orí máa fọ́ ọ, kí ó sì máa bì. Sísè kò lè pa á, dídín kò lè pa á, yìnyín kò sì lè pa á bí ó bá ti wà níbẹ̀. Ẹja tí ó bá ti bàjẹ́ kí ó tó dé ilé ti bàjẹ́ títí láé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà obìnrin fi ń lọ sí ọjà ẹja ní kùtùkùtù, tí wọ́n fi ń ra ẹja gbẹ̀yìn ohun gbogbo, tí wọn kì í sì í dúró sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ti gbé e.

Fífọ̀ àti Òórùn

Nígbà tí ẹja bá dé ilé, kí a ha ìpẹ́ rẹ̀ láti ìrù sí orí, kí a gé lẹbẹ́ rẹ̀, kí a sì la inú rẹ̀ kí a kó ìfun jáde. Ìṣọ́ra ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, kí òróòro má baà bẹ́ sí ẹran lára, nítorí pé ìkorò rẹ̀ kì í tán nínú ọbẹ̀. Kí a yọ ohun pupa tí ẹja fi ń mí kúrò pẹ̀lú, kí a sì fi ìka ho ẹ̀jẹ̀ dúdú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka ẹ̀jẹ̀ yìí sí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lára ohun tí ó tètè ń rùn.

Àrọ̀ àti àwọn ẹja mìíràn tí kò ní ìpẹ́ a máa yọ̀. Iyọ̀ ni a fi ń ra wọ́n lára, tàbí kí a da omi gbígbóná díẹ̀ sí wọn lára, kí a sì tètè fi omi tútù ṣàn wọ́n. Omi náà kò gbọdọ̀ máa hó, kí ó má baà bó awọ ẹja.

Lẹ́yìn èyí ni ọsàn wẹ́wẹ́ kàn. Kò sí ilé etí omi tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Kíkan inú ọsàn a máa mú èròjà tí ń rùn lára ẹja òkun, a sì máa sọ ọ́ di ohun tí kò lè fò sókè wọ ihò imú mọ́. Ó tún ń dín òórùn ẹrẹ̀ kù lára ẹja odò. Ọsàn wẹ́wẹ́ 1 tàbí 2 tó fún ẹja tí ó wọn kílò 1. Kí a fún omi rẹ̀ sí i, kí a fi iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 kún un, kí a fi pa ẹja nínú àti lóde, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí a sì ṣàn án. Bí a bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíkan ọsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ẹran ẹja di funfun bí ẹni pé iná ti kàn án, yóò sì gbẹ lẹ́nu nígbà tí a bá sè é. Iyọ̀ ní tirẹ̀ ń fa omi díẹ̀ jáde lára ẹja, ó sì ń mú kí ẹran rẹ̀ le, kí ó má baà tètè fọ́.

Iná àti Àkókò

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ilé ìdáná wa ni pé a ń se ẹja bí ẹni ń se ẹran màlúù. Iṣan tí ó so ẹran màlúù pọ̀ nípọn, ó sì le. Ó ń fẹ́ iná fún wákàtí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba iṣan tín-ín-rín ni ó so ẹran ara rẹ̀ pọ̀, nítorí pé omi ni ó ń gbé e ró, kì í fi ẹsẹ̀ ru ara rẹ̀. Nígbà tí ooru inú ẹja bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 ti Celsius, ó ti jinná. Iná tí a bá fi kún un lẹ́yìn èyí, omi ara ẹja ni yóò máa fún jáde, títí tí ẹja yóò fi gbẹ tí yóò sì fọ́.

Nítorí náà, ata ni a gbọ́dọ̀ sè jinná, kí ẹja tó wọlé. Bí a bá ń se ọbẹ̀ fún ènìyàn 6, kí a wá ọ̀bọ̀kún tàbí epìà tí ó wọn kílò 1 ààbọ̀, tàtàṣé 3, ata rodo 3 tàbí 4, tòmátì 4, àlùbọ́sà ńlá 2, epo pupa tí ó tó ìdajì ife, irú díẹ̀, àti iyọ̀. Kí a lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà 1, kí a sì gbé e kaná kí omi rẹ̀ gbẹ. Kí a yọ́ epo nínú ìṣaasùn, kí a gé àlùbọ́sà kejì sí i, kí a da irú sí i, kí a sì da ata lé e lórí. Ata yìí yóò hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, títí epo yóò fi léfòó sójú ọbẹ̀. Ìgbà náà ni kí a bu omi díẹ̀ sí i, kí a tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, kí a sì to ẹja sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kí a dín iná kù, kí a dé e, kí a sì ka ìṣẹ́jú 10, tàbí 12 bí ẹja bá nípọn.

Láti ìgbà tí ẹja bá ti wọ inú ọbẹ̀, a kì í fi ṣíbí rò ó mọ́. Ìkòkò ni à ń mì. A ó fi aṣọ di etí ìkòkò mú ní ọ̀tún àti ní òsì, a ó sì yí i jẹ́jẹ́, kí ọbẹ̀ lè gun orí ẹja láìsí pé ohunkóhun kàn án. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ẹ̀gún nìkan ni yóò bá nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí a bá sì gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú 5: ooru tí ó kù nínú rẹ̀ yóò parí iṣẹ́, iyọ̀ àti ata yóò sì ráyè wọ inú ẹja. Àwọn mìíràn a máa já ewé efinrin díẹ̀ sí i ní àsìkò yìí. Ó dára, bí kò bá ti pọ̀ jù.

Akàn, Edé àti Ìṣáwùrù

Òfin kan náà ni ó de àwọn ohun omi tí kì í ṣe ẹja, àfi pé tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akàn gbọ́dọ̀ wà láàyè títí di ìgbà tí a fẹ́ sè é, nítorí pé bí ó bá ti kú, ẹran inú rẹ̀ a tètè yọ́, a sì bàjẹ́. Kí a fi ohun líle fọ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sè é nínú omi iyọ̀ tí ń hó fún bí ìṣẹ́jú 12, kí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì yọ ohun rírọ̀ bí ìyẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù. A lè wá da á sínú ọbẹ̀ ilá tàbí ọbẹ̀ ata nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Edé tútù kì í ju ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 lọ lórí iná. Bí ó bá ti pọ́n tí ó sì ká, ó ti tó. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò le bí awọ. Orí àti èèpo rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ sí ààtàn ni adùn pọ̀ sí jù. Kí a fi omi sè wọ́n lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì lo omi náà dípò omi lásán. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ilé kan dùn ju ti èkejì lọ nígbà tí iye edé wọn dọ́gba.

Ìṣáwùrù ń gbé inú ẹrẹ̀, nítorí náà kí a rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, kí a máa pa omi náà dà títí yóò fi mọ́ gaara, kí a sì sè é kí ó jinná dénú. Nínú gbogbo ohun tí a ti dárúkọ, òun nìkan ni a kò gbọdọ̀ kánjú sọ̀ kalẹ̀, nítorí àrùn tí ó lè wà lára ohun tí ń gbé inú omi dídùn.

Kí á fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ara ẹlòmíràn kò gba edé tàbí akàn rárá. Bí ètè ọmọ bá wú tàbí tí ó ń mí pẹ̀lú ìnira lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, kì í ṣe àṣejù ọmọdé. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíá.

Ẹja Gbígbẹ

Àwọn tí wọ́n jìnnà sí omi lè rò pé ẹja gbígbẹ jẹ́ àrọ́pò fún ẹni tí kò rí ẹja tútù rà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun ọ̀tọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọbẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà tí a bá yan ẹja, omi ara rẹ̀ a gbẹ, adùn tí ó wà nínú rẹ̀ a sì kó jọ. Èéfín ní tirẹ̀ a máa fi òórùn dídùn sí i, a sì máa lé àwọn kòkòrò tí ń ba ẹja jẹ́.

Ní ọdún 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀mọ̀wé ará Japan, yọ èròjà kan jáde láti inú koríko òkun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń se omi ọbẹ̀. Èròjà náà ni a ń pè ní glutamate, òun sì ni ó ń fún oúnjẹ ní irú adùn kan tí kì í ṣe ti iyọ̀, tí kì í sì í ṣe ti ṣúgà. Ní ọdún 1913, Shintaro Kodama, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, rí òmíràn nínú ẹja gbígbẹ. Àwọn onímọ̀ sì padà rí i pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ìkòkò kan, adùn wọn a máa pọ̀ ju ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú wá lọ fíìfíì. Glutamate pọ̀ nínú irú tí ó ti kẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì sì ń bẹ nínú ẹja gbígbẹ. Nítorí náà, obìnrin tí ó da irú àti ẹja gbígbẹ pọ̀ sínú ẹ̀fọ́ ti ń ṣe ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlànà lílò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹja tútù pátápátá. Ẹja gbígbẹ ni a ń kọ́kọ́ fi sínú ọbẹ̀, ẹja tútù ni ó ń kẹ́yìn. Kí a fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹja gbígbẹ, kí a ṣí i wò nínú bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, kí a yọ ẹ̀gún rẹ̀, kí a sì dà á sí ata láti ìbẹ̀rẹ̀ kí adùn rẹ̀ lè jáde. Ọbẹ̀ marúgbó tí a mọ ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń fi jẹ púpurù, kò lè pé láìsí ẹja.

Ẹni tí ń ra ẹja gbígbẹ gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Nítorí kòkòrò tí ń jẹ ẹja gbígbẹ lẹ́rù, àwọn òǹtajà kan a máa fín oògùn apakòkòrò sí i. Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wọ ikùn ènìyàn. Ẹja tí eṣinṣin kan kò bà lé, tí òórùn kẹ́míkà sì ń jáde lára rẹ̀, kò yẹ ní rírà. Bí a bá rà á ní púpọ̀, kí a máa tún un yá lórí iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kó o sínú ohun tí a dé pinpin. Ìtọ́jú yìí tó láti lé kòkòrò láìlo oògùn.

Imóyó Àwọn Àgùdà

Kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ ẹja Yorùbá ni ó ń fẹ́ epo pupa. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú àti àwọn òmìnira tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú lọ sí ibẹ̀ padà sí Èkó ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, wọ́n mú ẹ̀sìn wá, wọ́n sì mú oúnjẹ wá. Imóyó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti inú ọ̀rọ̀ Potogí náà molho, tí ó túmọ̀ sí omi ọbẹ̀, ni orúkọ yìí ti wá. Omi ẹja, tòmátì, ata, àlùbọ́sà, ayù, òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń sè é. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: a ó sè orí àti egungun ẹja pẹ̀lú àlùbọ́sà fún bí ìṣẹ́jú 20, a ó sẹ́ ẹ, a ó gé tòmátì, ata àti ayù sínú omi náà, a ó sì to ẹja sí i fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán ni a ó tó fún ọsàn sí i, nítorí pé iná a máa lé òórùn dídùn ọsàn lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ìdílé Àgùdà ní Èkó a máa se fùréjọ̀n, èyí tí í ṣe ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a sì fi omi àgbọn sè, ẹja sì ni a ń fi jẹ ẹ́. Ní Bahia pẹ̀lú, ohun tí àwọn baba ńlá kó lọ kò tíì parun. Àkàrà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní acarajé, tí wọ́n ń fi epo pupa dín, tí wọ́n sì ń ki edé gbígbẹ sí nínú. Ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, edé gbígbẹ àti epo pupa ni wọ́n fi ń sè é. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta acarajé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ẹni tí a kó kọjá òkun láìmú ohunkóhun lọ́wọ́ ṣì rántí pé edé àti epo pupa bá ara wọn mu.

Ẹja Inú Yìnyín

Ní òde òní, ẹja inú yìnyín ni ó pọ̀ jù lọ ní ìlú ńlá. Kò yẹ kí a kẹ́gàn rẹ̀, nítorí pé òun ni ó mú kí ẹni tí ó wà ní òkè ọya pàápàá lè jẹ ẹja òkun. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Kí a má ṣe gbé e sínú oòrùn tàbí sínú omi gbígbóná kí ó lè tètè yọ́, nítorí pé ìta rẹ̀ yóò ti máa bàjẹ́ kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Inú omi tútù ni kí a fi í sí, nínú ọ̀rá tí a dì, tàbí kí a fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ amómitutù di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti yọ́ tán, kí a má ṣe dá a padà sínú yìnyín. Yìnyín ti já ẹran ara rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà omi rẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi iyọ̀ pa á, tí a nù ún gbẹ, tí a sì dín in díẹ̀ nínú òróró gbígbóná kí a tó gbé e sínú ata, kò ní fọ́.

Ta ni Yóò Jẹ Ẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò yẹ kí a fò. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, orí ẹja àti àárín rẹ̀, ti àgbà ni. Ìrù tàbí ẹ̀rún tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ti ọmọ. Àwọn baba wa gbà pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran tàbí ẹja ńlá yóò di olè. Ìdí wà fún èyí nígbà náà: wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ni ó ń dàgbà, kì í ṣe ti àgbà. Ẹja a máa mú ẹran ara lágbára, ọ̀rá inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọpọlọ ọmọ, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tẹgungun-tẹgungun sì ń mú egungun ọmọ le. A lè fi ọ̀nà mìíràn kọ́ ọmọ ní ìwà, kí a má fi ebi ẹja kọ́ ọ.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ẹja nìkan ni ọmọ ń pàdánù bí kò bá sún mọ́ ìdí ààrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ni ó mọ Titus tí kò mọ ọ̀bọ̀kún. Bí olùkọ́ bá bi wọ́n pé ẹja ńbákàn, wọn yóò mọ̀ pé ìbéèrè ni, wọn kò sì ní mọ̀ pé apẹja ni ó ti odò dé tí a ń bi léèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jù ń tú ká. Ayétòrò tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí etí òkun ní ọdún 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀, àwọn onílé sì ti ṣí lọ sí ibi tí kò sí ẹja tútù. Bí ìyá kan bá kúrò ní etí omi, tí kò sì rí ọmọ tí yóò dúró tì í nídìí ìṣaasùn, orúkọ ẹja, ìgbà tí ó ń wá àti ọ̀nà tí a ń gbà sè é, gbogbo rẹ̀ ni ó ń bá a lọ.

Kò pọn dandan kí a dúró de ìwé kí a tó tún un ṣe. Kí a mú ọmọ lọ sí ọjà ẹja ní òwúrọ̀ Sátidé, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Kí a jẹ́ kí ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja wò, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kí ó ha ìpẹ́ rẹ̀, kí ó sì di etí ìkòkò mú nígbà tí a bá ń mì í. Ọdún díẹ̀ ni ọmọ fi ń gbà kí a darí rẹ̀ bẹ́ẹ̀; lẹ́yìn náà, yóò ti ní ilé tirẹ̀, yóò sì máa se ohun tí ó bá mọ̀. Láti tútù ni a ti ń ká ẹja kò.